Iṣẹ́ Tí Gbogbo Wọn Ń Tọ́ka Sí

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni olóòtú ìwé ìwádìí oògùn náà bi Ìyá Onífun, ó sì dá a lójú pé kí tíì òun tó tutù, òun á ti dáhùn rẹ̀. Ó fa àga sún mọ́ kọ̀ǹpútà, ó fi etí aṣọ nu awò ojú rẹ̀, ó sì tún ìbéèrè náà kà: “Ẹ sọ pé omi iyọ̀ tí ẹ fi ìfun sí, àti bí ẹ ṣe so ìfun náà rọ̀, bá àlàyé inú iṣẹ́ tí ẹ tọ́ka sí mu. A ṣí iṣẹ́ náà, a kò rí àlàyé kankan níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ló wà?”

“Ó wà níbẹ̀ kẹ̀,” ló sọ fún kọ̀ǹpútà. “Ẹ ò wá a dáadáa ni.”

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló sọ ọ́ ní Ìyá Onífun. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wádìí bí oògùn ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ara, ìfun ehoro ló sì fi ń ṣe é láti ìgbà tó ti gba oyè dókítà. Alápatà tó ń ta ẹran ehoro lẹ́yìn ọgbà ilé ẹ̀kọ́ gíga náà máa ń tọ́jú ìfun dè é nínú ike omi tútù. Yóò gé e sí ègé tó gùn tó ìka ọwọ́, yóò fi òwú so ègé kan rọ̀ sínú ife gíláàsì gígùn tó kún fún omi iyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí afẹ́fẹ́ inú àgbá ń hó nínú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Láìpẹ́, ègé ìfun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í jó fúnra rẹ̀. Á súnkì, á nà, á tún súnkì, àfi bí ẹni pé inú ehoro ló ṣì wà tó ń ti oúnjẹ lọ. Òwú orí rẹ̀ ń fa irin kékeré kan, irin náà ń ròyìn fún kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà sì ń ya ìlà tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀. Tó bá wá kán oògùn inú rírun sínú omi náà, ìlà á sọ bọ́rọ̀ ṣe jẹ́: bóyá oògùn náà mú ìfun dẹ̀ lóòótọ́, tàbí ariwo ẹnu àwọn tó ń tà á lásán ni. Ìyá Onífun lè jókòó wo ìlà yẹn bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń jókòó wo bọ́ọ̀lù.

Inú rẹ̀ ì bá máa dùn nígbà gbogbo, bí kì í bá ṣe ọ̀rọ̀ oyè ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó ti béèrè fún un lẹ́ẹ̀kan, ìgbìmọ̀ sì dá a padà. Ọ̀gá ẹ̀ka, tí wọ́n jọ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì tẹ́ẹ́rẹ́, ló wá sọ fún un fúnra rẹ̀.

“Wọ́n ní o kọ iṣẹ́ tó pọ̀, iṣẹ́ náà sì dára. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń kọ̀wé lẹ́yìn rẹ kì í dárúkọ rẹ. Ìtọ́kasí rẹ ò tó nǹkan.”

“Ṣé ìtọ́kasí ló ń wo inú rírun ni?”

“Má bá mi jà o. Èmi kọ́ ni mo ṣòfin. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù tí wọ́n máa gbà ẹ́ láyè kó o béèrè kó o tó fẹ̀yìn tì. Tíyẹn bá tún bọ́, ó bọ́ nìyẹn.” Ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Ṣó o mọ ohun tí àwọn kan ń ṣe? Wọ́n á gé iṣẹ́ kan sí mẹ́rin, wọ́n á kọ ọ́ bí ìwé mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan á sì máa tọ́ka sí mẹ́ta yòókù.”

“Kí n máa dárúkọ ara mi? Bí ẹni tó ń kí ara rẹ̀ káàárọ̀ nínú dígí?”

“Ó ń ṣiṣẹ́ fún wọn.”

“Kó máa ṣiṣẹ́ fún wọn lọ.”

Nílé, Màmá ló gbọ́ ẹjọ́ náà. Ó ti ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ láti ìgbà tí orúnkún ti ń dà á láàmú, kò sì sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́ ọmọ yìí tí kì í fẹ́ gbọ́ dé ìdí.

“Ìtọ́kasí, kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?”

“Màmá, tí mo bá rí nǹkan, tí mo kọ ọ́ jáde, tí ẹlòmíràn wá fi ohun tí mo rí ṣe tirẹ̀, ó gbọ́dọ̀ sọ pé ọ̀dọ̀ mi lòun ti rí i. Tó bá ti dárúkọ mi báyẹn, ìtọ́kasí kan nìyẹn.”

“Ẹ̀n-ẹ́n! Bí ìgbà tí ìyàwó bá se ọbẹ̀ tó dùn, tó ní ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ òun lòun ti kọ́ ọ.”

“Bẹ́ẹ̀ gan-an ni.”

“Wọn ò ní dárúkọ ẹ láéláé,” ni Màmá wí, ẹ̀rín sì gbà á lẹ́nu. “Àìmọye èèyàn ni mo kọ́ ní ọbẹ̀. Gbogbo wọn ló ní àwọn dá a mọ̀ ni.”

Iṣẹ́ tuntun tó wà lọ́wọ́ olóòtú yìí ni Ìyá Onífun fẹ́ fi kún ìwé tó máa kọ sí ìgbìmọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, kò sì fẹ́ kí ohun kékeré dí i lọ́nà. Ó ṣí iṣẹ́ tó tọ́ka sí. Olóòtú ò parọ́. Gbólóhùn kan péré ló wà níbẹ̀: “A po omi iyọ̀, a sì so ìfun rọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti ṣàlàyé ṣáájú.” Ó wá “àwọn kan” náà lọ. Ó rí wọn. Àwọn náà ní gẹ́gẹ́ bí àwọn mìíràn ti ṣàlàyé ṣáájú. Ó tẹ̀ lé àwọn yẹn. Bákan náà ni. Tíì ti tutù. Ó ń ti inú ìwé kan bọ́ sínú òmíràn bí ẹni tó ń béèrè ọ̀nà ilé kan, tí gbogbo ará àdúgbò ń nawọ́ síwájú pé ẹ ṣì máa rìn díẹ̀ sí i, títí kọ̀ǹpútà fi ní òun ò ní èyí tó tún pẹ́ jùyẹn lọ.

Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilé ìkàwé, níbi tí wọ́n ń tọ́jú àwọn ìwé ìwádìí àtijọ́ tí wọ́n ti dì pọ̀ sínú páálí líle. Olùtọ́jú ìwé bá a gbé àkàbà. Níbẹ̀ ni ọ̀nà náà ti já sí iṣẹ́ méjì tó jáde lọ́dún kan náà. Olùkọ́ tó kọ́ Ìyá Onífun níṣẹ́ ló kọ ọ̀kan, ọ̀rẹ́ olùkọ́ náà ló kọ ìkejì. Nínú ti olùkọ́, wọ́n kọ ọ́ pé: “Ní ti omi iyọ̀ àti bí a ṣe ń so ìfun, ẹ wo iṣẹ́ ọ̀rẹ́ wa tó ń bọ̀ lọ́nà.” Nínú ti ọ̀rẹ́, ohun kan náà ló wà níbẹ̀: ẹ wo iṣẹ́ ọ̀rẹ́ wa tó ń bọ̀ lọ́nà.

Kò sí iṣẹ́ kẹta. Ó wá a títí dé ìsàlẹ̀ pẹpẹ. Ọ̀rẹ́ méjì nawọ́ sí ara wọn, gbogbo ayé sì tẹ̀ lé ọwọ́ wọn.

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Ìyá Onífun. Ó di àkàbà mú kó má baà ṣubú.

“Ẹ jọ̀ọ́,” ni olùtọ́jú ìwé yọjú sọ, “àwọn kan ń kàwé lókè.”

“Ẹ má bínú. Ilé kan ni gbogbo wa ń júwe fún ara wa, ẹnikẹ́ni ò sì kọ́ ọ!”

Èyí tó pa á lẹ́rìn-ín jù ni pé òun náà wà lára àwọn tó ń júwe. Kò sí iṣẹ́ kan tó kọ rí tí kò fi gbólóhùn yẹn sí, kò sì ṣí iṣẹ́ tó ń tọ́ka sí wò rí. Ọwọ́ àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ní láàbù ló ti gba bí wọ́n ṣe ń po omi náà, àwọn yẹn gbà á lọ́wọ́ àwọn mìíràn, ta ló sì mọ ohun tó ti já bọ́ lọ́nà?

Olùkọ́ náà ti fẹ̀yìn tì tipẹ́. Bàbá Ẹ-Wò-Ó ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é, nítorí kì í fẹnu kọ́ni. Ọwọ́ ló fi ń kọ́ni. Á ní “Ẹ wò ó,” kí ẹ sì tó ṣẹ́jú, ó ti ṣe é tán, ẹni tí ò bá rí i á lọ bi àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ní láàbù. Nígbà tí Ìyá Onífun wọ ilé rẹ̀, Bàbá ti tú fáànù kan palẹ̀ sórí tábìlì yàrá àlejò.

“Bàbá, ẹ káàsán o.”

“Ìyá Onífun! Máa bọ̀. Jókòó, àmọ́ yẹ àga wò, síkúrù mi kan ti sọnù.”

Ó tẹ́ ẹ̀dà iṣẹ́ méjèèjì síwájú rẹ̀, ó sì fi ìka tọ́ka sí ibi tó ń wí. Bàbá ka àkọ́kọ́. Ó ka ìkejì. Ó padà sí àkọ́kọ́. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n fún ẹ̀rín.

“Èmi rò pé òun máa kọ ọ́ ni,” ló wí.

“Òun ńkọ́?”

“Jẹ́ ká bi í.”

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà ti fẹ̀yìn tì, ó ń gbé lókè òkun lọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni Bàbá ń pè é láti ìgbà èwe wọn. Fóònù dún, ẹnì kan sì fi ohùn oorun gbé e.

“Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́! Ìwọ ọ̀lẹ yìí!”

“Ta lò ń pè lọ́lẹ? Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa níbí, o ti ń bú mi.”

“Omi iyọ̀ dà? Bí wọ́n ṣe ń so ìfun dà? Mo ti ní kí gbogbo ayé wá kà á lọ́dọ̀ rẹ!”

Oorun dá lójú Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́.

“Lọ́dọ̀ mi kẹ̀? Ṣebí ìwọ lo ní o fẹ́ kọ ọ́! A dúró lẹ́nu ọ̀nà láàbù, o wẹ̀yìn, o ní, ‘Fìyẹn sílẹ̀ fún mi.’”

“Èmi? Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀!”

“Ìwọ ni!”

“Ojú ò tì ẹ́, àgbàlagbà!”

“Ta ló dàgbà jù nínú àwa méjèèjì?”

Wọ́n ń pariwo, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, títí Ìyá Onífun fi gba fóònù lọ́wọ́ Bàbá. “Ẹ̀yin bàbá mi méjèèjì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìjà sílẹ̀. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é gan-an?”

Bàbá họ orí. “Mi ò lè sọ ọ́. Ọwọ́ mi ló mọ̀ ọ́n.”

“Ó dáa. Ẹ gbé ọwọ́ náà wá sí láàbù lọ́la.”

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé fóònù jókòó ti ìgò kan, ojú Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sì kún inú rẹ̀. Bàbá ká ọwọ́ aṣọ sókè. Ìyá Onífun mú rúlà, ó mú ohun tí wọ́n fi ń wọ̀n bí omi ṣe gbóná tó, ó sì mú gègé. Wọ́n yọ́ àwọn iyọ̀ sínú omi, wọ́n da sódà sí i. Bí Ìyá Onífun ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́, ó nawọ́ mú ìgò kálíṣíọ̀mù, ó fẹ́ dà á sí i.

Bàbá di ọwọ́ rẹ̀ mú. “Kí lò ń ṣe?”

“Mò ń da kálíṣíọ̀mù sí i.”

“Nígbà tí afẹ́fẹ́ ò tíì wọ inú omi?”

“Ó ti bà á jẹ́!” ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kígbe láti inú fóònù.

“Wò ó,” ni Bàbá wí. Ó pín omi náà sí ife méjì. Ó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ hó nínú ọ̀kan dáadáa kó tó da kálíṣíọ̀mù sí i. Nínú ìkejì, kálíṣíọ̀mù ló kọ́kọ́ wọlé. Omi àkọ́kọ́ mọ́ gaara. Ìkejì ṣú díẹ̀, bí dígí tí èèyàn mí sí. Téèyàn ò bá gbé méjèèjì síra wọn, kò lè mọ̀.

“Afẹ́fẹ́ ni kì í jẹ́ kí wọ́n so pọ̀. Kálíṣíọ̀mù ti lọ mú sódà, wọ́n ti di ṣọ́ọ̀kì,” ni Bàbá wí. “Kálíṣíọ̀mù yẹn ni ìfun fi ń jó. Ìdí gíláàsì lẹ ti ń fi bọ́ látọjọ́ yìí, ìfun ò rí jẹ.”

Ó kan ti òwú. Ìyá Onífun máa ń so òwú yí ègé ìfun ká, kó le dáadáa. Bàbá wò ó, ó mi orí.

“O ti pa á lẹ́nu dé. Omi ò lè wọ inú rẹ̀.” Ó fi abẹ́rẹ́ gba ara ìfun náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan péré, ó ta kókó, ẹnu ìfun sì wà ní ṣíṣí. “Wò ó!”

“Mo ti wò ó, Bàbá. Ẹni tí ò sí níbí ńkọ́? Ẹ sọ ọ́. Báwo ni kókó náà ṣe jìnnà sí ẹnu ìfun tó?”

“Ó jìnnà díẹ̀.”

“Ẹ gbé e dúró kí n wọ̀n ọ́n.”

Gbogbo bó ṣe ń lọ nìyẹn. Bàbá á ṣe é, Ìyá Onífun á dá a dúró, á wọ̀n ọ́n, á kọ ọ́, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ á sì ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ làwọn ṣe ń ṣe é, títí wọ́n á fi tún un ṣe, tí yóò sì rí i pé bẹ́ẹ̀ náà ni. Nígbà tí wọ́n so ìfun rọ̀ tán, Ìyá Onífun fẹ́ fà á kó le.

“Má fà á,” ni Bàbá wí. “Jẹ́ kó sinmi. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lé e kúrò nílé ni.”

Ìfun náà sinmi. Lẹ́yìn náà, ó gbéra. Ìlà gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó gòkè, gígùn wọn dọ́gba. Ìfun tí Ìyá Onífun ń so tẹ́lẹ̀ kì í kọjá ọ̀sán kó tó rẹ̀ ẹ́, ó sì ti gbà pé bí ìfun ṣe rí nìyẹn. Èyí ṣì ń jó nígbà tí ẹ̀ṣọ́ wá ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀ṣọ́ gan-an dúró wò ó díẹ̀ kó tó lé wọn jáde.

Ìyá Onífun fi òótọ́ dá olóòtú lóhùn: àlàyé tí ẹ ń béèrè kò sí níbì kankan, mo ti wá a dé orísun, èmi yóò sì kọ ọ́. Nígbà tó kọ ọ́ tán, ó gbé e lọ fún ọ̀gá ẹ̀ka.

Ọ̀gá ń ṣí ojú ìwé náà lọ́kọ̀ọ̀kan. “Ẹ̀kíní, mú omi. Ìkejì, mú iyọ̀. Ìwé ìdáná nìyí! Ìwé ìdáná lo fẹ́ fi di ọ̀jọ̀gbọ́n?”

“Wá sè é wò.”

“Èmi? Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mi ò ti fọwọ́ kan ìfun.”

“Ìdí tí mo fi fẹ́ kó o ṣe é nìyẹn. Ohun tí mo kọ nìkan ni kó o tẹ̀ lé. Mi ò ní la ẹnu.”

Ọ̀gá wọ aṣọ láàbù, bọ́tìnì àárín ò dé mọ́. Ó kà, ó ṣe. Ó dúró. “‘Kí afẹ́fẹ́ máa wọlé díẹ̀díẹ̀.’ Díẹ̀ tìrẹ ni àbí díẹ̀ tèmi?” Ìyá Onífun pa gbólóhùn náà rẹ́, ó kọ ọ́ pé kí ìhó afẹ́fẹ́ máa gòkè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan tí ojú lè kà. “‘So ó dáadáa.’ Ta ni kì í so nǹkan dáadáa lójú ara rẹ̀?” Ó pa ìyẹn náà rẹ́, ó yà á ní àwòrán. Ìfun àkọ́kọ́ tí Ọ̀gá so já bọ́. Ìkejì dákẹ́ síbẹ̀ bí okùn bàtà. Ìgbà tí wọ́n ti tún ìwé náà ṣe tán, ìkẹta súnkì, ó nà, ó tún súnkì.

“Ó ń jó!” Ọ̀gá figbe ta, àwọn ará yàrá kejì sì sáré wọlé. “Ẹ wá wò ó, tèmi ń jó!”

Ìwé náà jáde pẹ̀lú orúkọ mẹ́ta. Àwọn bàbá méjèèjì jà lórí ẹni tí orúkọ rẹ̀ máa ṣáájú títí Ìyá Onífun fi ní tòun ló máa ṣáájú, nítorí òun ló kọ ọ́.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹnikẹ́ni ò tọ́ka sí i. Bàbá Ẹ-Wò-Ó ń tẹ̀ ẹ́ láago láràárọ̀ bí ẹni tó ń béèrè àmì ayò bọ́ọ̀lù.

“Mélòó la ti jẹ?”

“Òdo, Bàbá.”

“Wọn ò mọ bọ́ọ̀lù gbá.”

Ọ̀gá náà ò fi bò fún un. “Ká tiẹ̀ ní wọ́n tọ́ka sí i, ìwé kan ṣoṣo ni. Ìgbìmọ̀ ń fẹ́ mọ iye iṣẹ́ rẹ tí àwọn èèyàn ń lò, kì í ṣe ọ̀kan.”

Ó dùn ún, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé òótọ́ ni. Ó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó sì padà sídìí ìfun rẹ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ tó lo ìwé náà jẹ́ obìnrin kan tí wọn ò mọra rí, ní láàbù kan tó jìnnà. Ó ní ìfun òun máa ń kú ní ọ̀sán tẹ́lẹ̀, kì í sì í kú mọ́. Ẹlòmíràn tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, ìtọ́kasí ń wọlé wìtìwìtì. Gbogbo ẹni tó ti ń fi ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ ọ́ pé “gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti ṣàlàyé,” wọ́n ti wá rí ẹni tó ṣàlàyé. Bàbá ò ní sùúrù mọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń pè lóòjọ́.

Nǹkan kan wá ṣẹlẹ̀ tí Ọ̀gá ò rò, tí Ìyá Onífun alára ò rò. Àwọn tó so ìfun bó ṣe kọ ọ́ fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tí àwọn rí bá ohun tí òun rí mu, ni wọ́n bá lọ ń ṣí àwọn iṣẹ́ rẹ̀ àtẹ̀yìnwá. Wọ́n rí èyí tó kọ lórí oògùn inú rírun, wọ́n tọ́ka sí i. Wọ́n rí èyí tó kọ lórí oògùn ìgbẹ́ gbuuru, àti èyí tó kọ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè dókítà, tóun fúnra rẹ̀ ti gbàgbé. Iṣẹ́ kan tẹ̀ lé òmíràn, wọ́n jí.

Ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ jókòó, Ìyá Onífun ò lè jókòó ní tirẹ̀. Ó wà lórí ìdúró ní láàbù, ó ń fi abẹ́rẹ́ gba ara ìfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nígbà tí Ọ̀gá ti ilẹ̀kùn wọlé, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

“Ọ̀jọ̀gbọ́n,” ló wí.

“Má fi mí ṣeré o. Abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ mi.”

“Ṣé ojú eré nìyí? Wọn ò tiẹ̀ jiyàn! Ẹni tí wọ́n ní kó yẹ iṣẹ́ rẹ wò láti òkèèrè ní kí wọ́n má fi àkókò òun ṣòfò, pé láàbù tòun ò lè ṣiṣẹ́ láìsí ìwé rẹ. Wọ́n wá ka àwọn iṣẹ́ yòókù, ó kọjá ohun tí wọ́n ń béèrè.” Ó nu ojú rẹ̀. “Wọ́n tún fún ẹ lówó ife gíláàsì tuntun. Gbogbo ògiri ìhà yìí.”

Ọwọ́ Ìyá Onífun tutù fún omi, ó fi ìgbúnwọ́ gbá a mọ́ra. Nígbà tó pe ilé, wọ́n gbọ́ tí Màmá ń pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, ó ń pariwo orúkọ oyè náà sáàárín orin, títí aládùúgbò fi wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀.

Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti to ife gíláàsì tuntun mẹ́jọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, afẹ́fẹ́ ń gòkè nínú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan tí ojú lè kà. Màmá rọra gun àtẹ̀gùn wá wò wọ́n. Ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ń lọ láti ìdí ife kan sí òmíràn, ìfun mẹ́jọ ń jó níwájú rẹ̀. Lára ilẹ̀kùn, wọ́n ti ṣẹ̀ṣẹ̀ kan pátákó tuntun mọ́ ọn, wọ́n kọ Ọ̀jọ̀gbọ́n sí i, ọ̀dà rẹ̀ ò sì tíì gbẹ.